Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Aláìlópin

Ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti í mọ́ wá, níbi tí àwọn àgbà ti ń ka irúnmọlẹ̀ dé irinwó tí wọ́n sì tún ń fi ọ̀kan lé e, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí a bá bèèrè pé: ǹjẹ́ a lè ka ohun tí kò lópin?

Georg Cantor, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní ilẹ̀ Jámánì, ní a lè kà á. Leopold Kronecker, tí ó ti kọ́ ọ níwèé rí, yarí kanlẹ̀ pé ohun tí a kò lè ṣírò dé òpin kò ní àyè nínú ìmọ̀ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀ràn náà sórí ẹní Ifá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, awẹ́ kọ̀ọ̀kan a ṣí tàbí kí ó dojú dé, ìdí nìyí tí Odù fi jẹ́ 256. Bí awẹ́ rẹ̀ kò bá wá lópin ńkọ́? Bí babaláwo kan bá sọ pé òun ti to gbogbo ojú tí ó lè hù ní kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí láé, ẹ yí awẹ́ kìíní ti àkọ́kọ́ padà, ẹ yí awẹ́ kejì ti èkejì padà, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ojú tí ẹ ó rí kò ní sí nínú ìtò rẹ̀. Irú ẹ̀rí yìí ni Cantor gbé jáde ní 1891, pé àìlópin kan ju òmíràn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan tí a fi kún iye aláìlópin kì í mú un pọ̀ sí i.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bẹ́ẹ̀ ni Ifá àti ìṣirò ṣe lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà pé ọgbọ́n Olódùmarè kò lópin ti gba ọ̀rọ̀ Cantor dé ìdajì. Ó ku kí ó pinnu bóyá àìlópin yìí jẹ́ odidi tí ó ti pé, tàbí ìrìn tí kò ní í parí.