Ṣé Ohun Tí Kò Dáhùn Kò Sí Ni?

Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà Linux tí kò ṣí ìkànnì kankan mọ́ lọ sí Computer Village ní Ikeja, "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" ni yóò kọ́kọ́ wí. Àmọ́ bí oníṣẹ́ kan ní òpópónà Otigba níbẹ̀ bá tẹ ping 1.1.1.1, tí èsì sì ń wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Nọ́ḿbà ń dáhùn. Orúkọ ni kò rí ẹni tí yóò sọ ibi tó ń gbé. Láti ìgbà tí Paul Mockapetris ti gbé DNS, ètò tó ń wá nọ́ḿbà fún orúkọ, kalẹ̀ ní 1983, kọ̀ǹpútà kì í dá mọ ibi tí orúkọ wà. Ó ní ẹni tó ń bi. Lórí Ubuntu, systemd-resolved ló ń gba ìbéèrè ní 127.0.0.53, tó ń gbé e lọ bá ẹni tí a yàn fún un. Bí ohun kan bá ti kọ àdírẹ́sì tó ti kú sínú /etc/resolv.conf, gbogbo ayé yóò dà bí èyí tó parẹ́. Àṣìṣe ìrònú kan náà ló wà lẹ́nu ẹni tó gbàdúrà títí ní Agege, tí kò gbọ́ nǹkan kan, tó wá parí èrò sí pé Ọlọ́run kò sí: ó sọ ìdákẹ́jẹ́ tó dé etí rẹ̀ di ẹ̀rí nípa ohun tó wà.

DNS fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí àwa ń gbójú fò. NXDOMAIN ni ìdáhùn pé orúkọ náà kò sí, ọ̀dọ̀ ẹni tó sì láṣẹ lórí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí àjọ NiRA ti láṣẹ lórí .ng. SERVFAIL yàtọ̀: ẹni tí a bi ló ní òun kò rí èsì mú bọ̀. Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, ọ̀pọ̀ ìkànnì kò dáhùn mọ́ ní Èkó. Ọ̀nà ló já. Ibi tí ọ̀nà ń lọ ṣì wà.

A lè ta kò mí pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sẹ́ mọ́. Ẹni tó ní iwin ń gbé inú jẹnẹrétọ̀ òun pàápàá yóò ní ìdákẹ́jẹ́ kò ba ọ̀rọ̀ òun jẹ́. Àtakò yìí wúwo. Èsì mi ni pé bí a bá ṣe wá nǹkan tó ni ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń wúwo tó. Lórí DNS, àṣẹ dig @9.9.9.9 ń bi ẹlòmíràn. Bí gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ bá dákẹ́, tí a sì ti rí i pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn là, iyèméjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó burú ni kí á bi ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí á sì dájọ́. Síbẹ̀, kí onígbàgbọ́ má fi àlàyé yìí ṣe ibi ìsádi. Èsì 1.1.1.1 ló fún oníṣẹ́ Otigba lẹ́nu láti sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ẹni tó ní Ọlọ́run wà bí àdúrà tilẹ̀ dákẹ́ jẹ wá ní gbèsè irú èsì bẹ́ẹ̀: kí ó fi ibi tí òun ti gbọ́ ìdáhùn hàn, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà lè béèrè níbẹ̀.