Ìwọ̀n Oúnjẹ Ẹni Tí Ebi Ti Pa: Díẹ̀díẹ̀ Ni, Tàbí Lẹ́ẹ̀kan Náà?

Àwọn àgbà wa sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Wọ́n tún sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A gba òwe méjèèjì gbọ́, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n ti ń takò ara wọn. Ibẹ̀ ni iwájú ẹni tí ebi ti pa títí tí ẹran ara rẹ̀ fi gbẹ, tí oúnjẹ wá dé. Òwe kìíní ní kí a fi ẹ̀sọ̀ bù ú fún un. Òwe kejì ní etí rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sọ̀. Èwo ni kí a tẹ̀ lé? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Ìbéèrè nípa ìwà ni pẹ̀lú, nítorí pé ẹnì kan ni ó di ìkòkò mú, ẹlòmíràn ni ó na àwo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ewu tó wà nínú ọ̀làwọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ àgọ́ Bergen-Belsen ní Jámánì. Wọ́n bá nǹkan bí 60,000 ènìyàn níbẹ̀, tí ebi àti àìsàn ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di egungun lásán. Àánú ṣe àwọn ọmọ ogun náà. Wọ́n ṣí agolo ẹran tí a kó fún àwọn fúnra wọn, wọ́n sì pín in. Ibà tí iná ara ń gbé kiri àti àìlera tó ti wọ̀ wọ́n lára ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú lẹ́yìn ìdáǹdè náà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé oúnjẹ ọlọ́ràá yẹn gan-an ni ara wọn kò lè gbà, tí ó sì pa wọ́n.

Báwo ni oúnjẹ ṣe ń pa ẹni tí ebi kò tíì pa kú? Bí ara bá pẹ́ láìjẹun, ọ̀rá tó ti tò jọ ni yóò máa jó, ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Àwọn iyọ̀ bíi fọ́sífáàtì, pòtásíọ̀mù àti mànyésíọ̀mù yóò máa tán nínú ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè má tíì fi í hàn. Bí oúnjẹ púpọ̀ bá wá wọlé lójijì, ínsúlínì yóò gòkè, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara yóò sì fa ìwọ̀nba iyọ̀ tó ṣẹ́kù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà ni ọkàn lè dáwọ́ lílù dúró, tí mímí sì lè di ìṣòro. A kò lè dá àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn lẹ́bi ohun tí wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti mọ̀ ọ́n kò ní àwáwí kan náà. Ìfẹ́ tí kò wádìí ohun tí olùfẹ́ rẹ̀ lè gbà kò tíì pé.

Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí: díẹ̀díẹ̀ ni. Kò tíì parí. Ní òpin ọdún 1944, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ. Àwọn tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn ni. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kí a lè mọ bí a ó ṣe bọ́ àwọn tí ogun ti fi ebi pa. Fún ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bíi 1,570 kàlórì ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́, títí wọ́n fi pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan rí nǹkan bíi 400 kàlórì gbà lé e, àwọn mìíràn 800, àwọn mìíràn 1,200, àwọn yòókù 1,600.

Àbájáde rẹ̀ yẹ kó mú olùfẹ́ ẹ̀sọ̀ ronú. Àwọn tí wọ́n fi díẹ̀ jù lọ kún tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tí wọ́n wà. Ebi kò fi wọ́n sílẹ̀, inú wọn kò sì dùn. Fún àwọn kan, àkókò ìtọ́jú yìí nira ju àkókò ebi fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ti retí ìdẹ̀ra, ìdẹ̀ra kò sì dé. Keys parí èrò sí i pé àgbàlagbà tí ebi ti gbẹ báyìí nílò nǹkan bíi 4,000 kàlórì lójúmọ́ kí ara rẹ̀ tó lè padà bọ̀ sípò. Nígbà tí wọ́n sì mú ìdènà kúrò, àwọn kan ń jẹ ju 5,000 kàlórì lọ lójúmọ́, síbẹ̀ wọ́n ní ebi ṣì ń pa àwọn.

Nítorí náà, ọ̀làwọ́ lè pa ènìyàn, ẹ̀sọ̀ náà sì lè fa ìyà gùn. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kí a tọ́jú ọmọdé tí àìjẹunkánú ti wọ̀ lára, tí àìsàn sì tún kì mọ́lẹ̀, fi ọ̀nà hàn wá. Wàrà kan tí wọ́n ń pè ní F-75, tí ó ní 75 kàlórì nínú 100 mílílítà, ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un, ní ìwọ̀nba, tọ̀sán tòru. Láàárín ọjọ́ méjì sí méje, nígbà tí ara bá ti balẹ̀, tí ọmọ sì ti ń béèrè oúnjẹ, wọ́n á bọ́ sórí F-100 tàbí ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi wàrà, òróró àti ṣúgà pò, wọn a sì bọ́ ọ ní àbọ́yó kí ó lè tètè sanra. Ẹ kíyè sí i pé afárá ni ẹ̀sọ̀ níbí. A ń gba orí rẹ̀ kọjá ni; a kì í kọ́lé sórí rẹ̀.

Láti inú èyí, mo rí ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí ẹni tó bá ń wọn oúnjẹ fún ẹlòmíràn bi ara rẹ̀. Èkíní: nítorí ta ni mo ṣe ń fawọ́ sẹ́yìn? Bí ó bá jẹ́ nítorí ara ẹni tí ebi ń pa, ó dára. Bí ó bá jẹ́ nítorí àká mi, kí n má ṣe pè é ní ìtọ́jú. Èkejì: ọjọ́ wo ni yóò parí? Ẹ̀sọ̀ tí kò ní ọjọ́ ìparí, ahun ni, orúkọ rere ni ó kàn yá wọ̀. Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ mo ti ṣàlàyé fún un? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tó mọ ìdí tí àwo rẹ̀ fi kéré lónìí, tó sì mọ ọjọ́ tí yóò kún, ń dúró de nǹkan. Ẹni tí a kò sọ fún kàn ń jìyà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn kan láàárín wa ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n dín oúnjẹ kù, yálà nítorí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí nítorí kí ara lè fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ padà sí oúnjẹ tó tó, ẹ̀rù a máa bà wọ́n. Ẹni tí kò gbẹ, tó sì ń jẹun lójoojúmọ́, kò sábà ní irú ewu tó pa àwọn ará Belsen. Òun kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun méjì. Bí ó bá fi kún oúnjẹ rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ lè gòkè díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ara ń tọ́jú ṣúgà sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi sì ń bá a lọ síbẹ̀. Kí ó má ṣe tìtorí ìyẹn sá padà sínú ebi. Ẹ̀wẹ̀, ara tó ti kéré kì í ná agbára tó ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá padà sí àwo àtijọ́, ì báà yára padà, ì báà rọra padà, ìwọ̀n àtijọ́ ni yóò padà bá. Àǹfààní tí díẹ̀díẹ̀ ní fún un ni pé ó ń fún ojú àti ọkàn láyè láti mọ ibi tí ó yẹ kí a dúró. Òun ni ó ń wọn oúnjẹ, òun náà ni a ń wọ̀n ọ́n fún; ìbéèrè mẹ́ta yẹn ṣì ń dúró dè é. Ẹni tí kò fún ebi tí ó fi ń jẹ ara rẹ̀ níyà ní ọjọ́ ìparí ti di ọ̀gá tó le fún ara rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí wa ní Àjàṣẹ́ àti Kétu mọ nǹkan kan nípa èyí. Ní àkókò ìṣínu, dàbínù àti omi ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́kọ́ kan ẹnu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi dàbínù mẹ́ta sùn tí ó sì pè é ní oúnjẹ alẹ́. Àwo ńlá wà lẹ́yìn àwo kékeré, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "ẹ ṣe sùúrù" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayé yín, ní ilé, ní ibi iṣẹ́ àti ní ìlú. Ẹ má ṣe kọ̀ ọ́ kíákíá, nítorí pé òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ léèrè ọjọ́. Ìyá tó ń fi ṣíbí bu ògì sí ẹnu ọmọ tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ti mọ ọjọ́ tí yóò gbé igbá fún un.