A Ti Di Ẹrù Kí A Tó Béèrè

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 42:1–43:7, Mátíù 26:36–46

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni bí a ṣe ń jọ̀wọ́ ìfẹ́ inú wa fún Ọlọ́run. Ó ṣọ̀wọ́n kí a ṣe ìpàdé àdúrà nínú ìdàpọ̀ wa kí ẹnì kan má parí àdúrà rẹ̀ pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu. A ń sọ ọ́ nípa ìdánwò, a ń sọ ọ́ nípa ìgbéyàwó, a ń sọ ọ́ nípa ìpínlẹ̀ tí wọ́n máa pín wa sí tí a bá di agùnbánirọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí a bá ń sọ ọ́, níbo ni ẹrù wa wà? Ṣé ilẹ̀ ló wà, àbí ó ti wà lórí wa?

Àwọn tó béèrè, síbẹ̀ tí wọ́n ṣìnà

Àwọn àgbà wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bíbélì sọ ìtàn àwọn kan tí wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ṣìnà.

Ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun Bábílónì pa Jerúsálẹ́mù run. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ìgbèkùn, wọ́n fi àwọn tálákà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Júdà, wọ́n sì fi Gedaláyà ṣe gómìnà lé wọn lórí. Nígbà tó yá, Íṣímáẹ́lì tó jẹ́ ọmọ ìdílé ọba dìtẹ̀, ó sì pa Gedaláyà. Jóhánánì ọmọ Káréà àti àwọn balógun tó kù wá kó àwọn èèyàn tó ṣẹ́kù jọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọba Bábílónì máa gbẹ̀san ikú gómìnà rẹ̀ lára àwọn. Ni wọ́n bá gbéra.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ibi tí wọ́n wà kí wọ́n tó lọ bá wòlíì Jeremáyà. Orí 41, ẹsẹ 17, sọ pé wọ́n ti dé ìtòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Íjíbítì ni wọ́n sì dojú kọ. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Inú orí 42 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ó yẹ kí àwọn gbàdúrà.

Àdúrà náà dùn ún gbọ́. Gbogbo wọn ló wá, wọ́n sì rẹ ara wọn sílẹ̀ níwájú wòlíì. Wọ́n fi Olúwa ṣe ẹlẹ́rìí pé, bó dára bó burú, ohun tí Ọlọ́run bá sọ ni àwọn máa ṣe. Bí ẹnì kan bá gba irú àdúrà yìí ní ìṣọ́ òru wa, a ó ní arákùnrin yìí ti fi ayé rẹ̀ fún Ọlọ́run pátápátá.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá kí ìdáhùn tó dé. Ọlọ́run ní kí wọ́n dúró sí ilẹ̀ náà, òun yóò gbé wọn ró, kí wọ́n má bẹ̀rù ọba Bábílónì. Ó ní bí wọ́n bá lọ sí Íjíbítì, idà tí wọ́n ń sá fún yóò lé wọn bá níbẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní irọ́ ni Jeremáyà ń pa. Wọ́n ní Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ ló ń tì í sí i. Wọ́n gba Íjíbítì lọ, wọ́n sì mú Jeremáyà pàápàá dání. Wòlíì tó ní kí wọ́n má lọ, wọ́n kó o mọ́ ẹrù.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé wọn ò gbàdúrà. Kì í ṣe pé wọn ò béèrè. Wọ́n ti di ẹrù kí wọ́n tó béèrè ni. Òǹtẹ̀ ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ Jeremáyà, kì í ṣe ìtọ́sọ́nà. Wọ́n fẹ́ kí Ọlọ́run lu òǹtẹ̀ sí ìwé tí àwọn fúnra wọn ti kọ tán.

Íjíbítì kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn

Ẹ má rò pé àwọn èèyàn yìí ò lórí pípé. Nínú orí 42, ẹsẹ 14, a rí ìdí tí wọ́n fi ń lọ: wọ́n ń wá ibi tí wọn ò ti ní rí ogun, tí wọn ò ti ní gbọ́ ìró fèrè ogun, tí ebi ò ti ní pa wọ́n. Ta ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti ilé bọ̀ sí ilé ìwé, tó ń gbàdúrà kí ajínigbé má dá wọn lọ́nà, yóò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹni tó bá ti rí olóye tó parí ẹ̀kọ́ tí kò rí iṣẹ́ yóò mọ̀ ọ́n.

Íjíbítì fúnra rẹ̀ kò burú. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 26, nígbà ìyàn, Ọlọ́run sọ fún Ísákì pé kó má lọ síbẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 46, Ọlọ́run yìí kan náà sọ fún Jékọ́bù ọmọ Ísákì pé kó má bẹ̀rù láti lọ síbẹ̀. Nínú Mátíù 2, áńgẹ́lì ní kí Jósẹ́fù gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sá lọ sí Íjíbítì kan náà. Ilẹ̀ kan ni, Ọlọ́run kan ni, ìdáhùn yàtọ̀ síra. Nítorí náà, a kò lè fi ẹ̀rí ẹlòmíràn ṣe ìtọ́sọ́nà tiwa. Bí ẹ̀gbọ́n kan nínú ìdàpọ̀ bá lọ sí Kánádà tí Ọlọ́run sì ṣe é lóore níbẹ̀, ìyẹn kò sọ pé Kánádà ni ti gbogbo wa. Bí òmíràn bá dúró sí Nàìjíríà tí Ọlọ́run gbé e ró, ìyẹn kò sọ ìrìn àjò di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí Ọlọ́run bá rán.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo wà ní ọdún ìkẹyìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà lókè òkun ní kí n wá ṣe ẹ̀kọ́ sí i lọ́dọ̀ àwọn, òun yóò bá mi fi owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màámi kò ní kí n má lọ, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ọmọ tó wà nítòsí wọn láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn mọ́. Mo fẹ́ lọ. Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé mo fẹ́ lọ. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tó yẹ kí n kọ, nítorí fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń tì í. Ṣùgbọ́n n kò tíì gba ìdáhùn, bí mo sì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ṣì ń dúró. Láti inú ìdúró yìí ni mo ti rí i pé kíkọ fọ́ọ̀mù kọ́ ni dídi ẹrù. Ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà tí kò bá sí ìdáhùn kankan mọ́ tó lè dá ẹsẹ̀ wa padà, ìgbà yẹn ni ẹrù ti dì.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Gẹtisémánì

Àwọn ará Júdà fi ohun tí wọ́n fẹ́ pamọ́ sábẹ́ àdúrà tó dùn. Jésù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, ohun tí Olúwa wa kọ́kọ́ sọ fún Baba ni ohun tí òun fẹ́: bó bá ṣeé ṣe, kí ago náà kọjá lórí òun. Ó sọ ọ́ jáde. Kò ṣe bí ẹni pé ago náà dùn. Lúùkù sọ pé òógùn rẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Ìwé Hébérù orí 5 sọ pé ó fi igbe àti omijé gbàdúrà. Lẹ́yìn tó ti sọ ohun tó fẹ́ tán, ó gbé e lé Baba lọ́wọ́ pé tirẹ̀ ni kó ṣẹ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa tóbi. Àwọn kan nínú wa rò pé ẹni tó bá ti fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run kì í fẹ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n á ní, "Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá ṣe, kò sí wàhálà," nígbà tí ọkàn wọn ń jó bí iná. Ohun tí a kò sọ fún Ọlọ́run pé a dì mú, báwo la ṣe fẹ́ tú u sílẹ̀ fún un? Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ náà "jọ̀wọ́" tí a fi ń bẹ̀bẹ̀, òun náà la fi ń sọ pé kí èèyàn yọ̀ǹda ohun tó dì mú. Jésù ṣe méjèèjì nínú ọgbà yẹn: ó bẹ̀bẹ̀, ó sì yọ̀ǹda.

Ẹ tún wò ó pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àdúrà náà. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ohun tí òun fi sílẹ̀ ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì tún wà lọ́wọ́ òun ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Pọ́ọ̀lù náà bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nípa ẹ̀gún inú ara rẹ̀ (Kọ́ríńtì Kejì 12). A kò yọ ẹ̀gún náà. Oore-ọ̀fẹ́ ni a fún un. Ago Jésù náà kò kọjá. Áńgẹ́lì ló wá fún un lókun láti mu ún. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí gbangba, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyọ̀ǹda ara ẹni ṣe ọgbọ́n láti rí ohun tó fẹ́ gbà. Ọlọ́run lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Ọmọ rẹ̀ gbà lójú ìdáhùn yẹn ni ìgbàlà èmi àti ẹ̀yin gbà wá.

Ohun tí kì í ṣe ìyọ̀ǹda

Ẹ jẹ́ kí n sọ méjì ní kíákíá. Àkọ́kọ́, ọ̀lẹ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tí kò ṣí ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó wá ń sọ lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ, kò fi nǹkan kan lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Èkejì, Ọlọ́run ni a ń jọ̀wọ́ ìfẹ́ inú wa fún, kì í ṣe èèyàn. Bí ẹnì kan bá wá bá yín, ẹ̀yin arábìnrin, tó ní Ọlọ́run ti fi yín hàn òun gẹ́gẹ́ bí aya, tó sì ní bí ẹ bá kọ̀, ọlọ̀tẹ̀ ni yín, ẹ má bẹ̀rù. Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ mọ ilé yín. Àwọn àgbà nínú Olúwa lè gbà wá nímọ̀ràn, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gba ipò Baba.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ẹrù ti dì?

Ìtàn àwọn ará Júdà fún wa ní ìbéèrè mẹ́ta tí a lè bi ara wa.

Èkíní: nígbà tí mo béèrè, ṣé ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn jẹ́ rárá? Bí ọkàn wa ò bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá, a ti dé ìtòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Èkejì: ṣé mo lè dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá? Ọlọ́run kì í pẹ́, ṣùgbọ́n kì í sáré nítorí ìbẹ̀rù wa. Ìdúró máa ń tú àṣírí ẹrù tí a ti dì.

Ẹ̀kẹta: bí ìdáhùn bá dé tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ta ni mo máa bínú sí? Àwọn ará Júdà wá Bárúkù kan tí wọ́n lè dá lẹ́bi. Àwa náà máa ń rí tiwa: "Ààrẹ ìdàpọ̀ kò fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀." "Àwọn òbí mi ló ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀." Ẹni tó bá ń lọ láti ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn kan sí òmíràn títí yóò fi rí ẹni tó máa sọ ohun tó fẹ́ gbọ́, òǹtẹ̀ ló ń wá kiri.

Ẹ̀yin ará, bí a bá ti di ẹrù, a ṣì lè tú u. Àwọn ará Júdà ṣì wà ní ilẹ̀ wọn nígbà tí Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ jù fún wọn. Kò tíì pẹ́ jù fún àwa náà. Baba tí à ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀tá tó ń wá ohun rere tó máa gbà lọ́wọ́ wa. Òun ni Baba tó gbọ́ igbe Ọmọ rẹ̀, tó sì jí i dìde ní ọjọ́ kẹta.

Fún àṣàrò: Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun kan tí ẹ ń fẹ́ jù lọ báyìí sí i, láìfi ọ̀rọ̀ bò ó. Ẹ kà á fún Ọlọ́run bó ṣe wà gan-an. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gba àdúrà yìí:

Baba wa, ìwọ lo mọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún ọ lónìí, n kò fi pamọ́. Mo gbé ẹrù mi sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ. Bí o bá ní kí n lọ, bá mi lọ. Bí o bá ní kí n dúró, dúró tì mí. Bí mo bá tún gbé e padà lọ́la, fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti padà wá sọ ọ́ kalẹ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.