Oyè Gíga nínú Fìlọ́sọ́fì àti Iṣẹ́ Tó Wà Nídìí Rẹ̀

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú fìlọ́sọ́fì lè tẹ̀síwájú láti gba oyè másítà, kó tó wá oyè ọ̀mọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà máa ń kọ́ nípa ọgbọ́n ìrònú, ìwà tó tọ́, ohun tí ìmọ̀ jẹ́ àti èrò àwọn ará Áfíríkà, yóò sì kọ iṣẹ́ ìwádìí. Ti ọ̀mọ̀wé le jù bẹ́ẹ̀ lọ: akẹ́kọ̀ọ́ ní láti gbé èrò tuntun kalẹ̀, kó sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò.

Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ń lépa. Sophie Olúwọlé, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Èkó, ó sì fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates nínú ìwé rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà Kátólíìkì náà nílò olùkọ́, nítorí òfin ìjọ ní kí ẹni tí yóò di àlùfáà fi ọdún 2 gbáko kọ́ fìlọ́sọ́fì.

Síbẹ̀, àyè iṣẹ́ olùkọ́ kò tó iye àwọn tó ń wá a. Àwọn mìíràn ń lọ sídìí iṣẹ́ ìròyìn, ìwé títẹ̀, iṣẹ́ ìjọba, tàbí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò. Orúkọ oyè nìkan kì í gbani wọlé síbẹ̀. Àròjinlẹ̀ àti ìwé kíkọ tó já gaara ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń wò.