Nígbà tí Ọya Yó Tán, Ilé Ló Lọ

"Mo sùn dáadáa, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ mí." Ní Ìjàgbò, láàárín àwọn tó ń gba ọ̀nà Ọ̀fà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ lálẹ́, kò ṣòro láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́, ọlọ́kadà tàbí ìyá ọlọ́jà. Ẹsẹ kan wà nínú Ògúndá Méjì tó dá a lóhùn lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn la sábà máa ń kì í. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rúnmìlà ló bi àwọn òrìṣà pé ta ló lè bá olùsìn rẹ̀ rìn dé òkèèrè, kọjá òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, bó bá wá dé Kòso ńkọ́, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n gbé gbẹ̀gìrì kalẹ̀? Ó ní bí òun bá ti yó, òun á padà sílé. Ọya náà bọ́ síwájú. Bó bá dé Ìrá ńkọ́, tí wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀gbo fún un? Ilé ni òun náà ń lọ. (Ìrá yìí kò jìnnà sí wa: ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun kan náà ni òun àti Ìjàgbò wà.) Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bi Ọbàtálá nípa Ìfọ́n, Ògún nípa Ìrè, Ọ̀ṣun nípa Ìjùmú, títí ó fi kan Ọ̀rúnmìlà alára ní Òkè Ìgẹ̀tí. Gbogbo wọn ló padà. Orí nìkan ló bá ẹni lọ dópin.

Àwọn tó ń túmọ̀ ẹsẹ yìí máa ń sáré dé ọ̀dọ̀ Orí, wọ́n á sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí ẹni tí agbára ò ká a. Èmi ò kà á sí ìkùnà. Ẹ wo oúnjẹ wọn: ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Wọn ò gbé ìgbín Ọbàtálá síwájú Ògún, wọn ò sì bu ẹ̀gbo Ọya fún Ṣàngó. Bí òrìṣà bá ní ibi tó gbọ́dọ̀ dé àti ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ kó tó yó, ta ló sọ fún wa pé oorun nìkan tó gbogbo àárẹ̀ wa? Ọlọ́kadà tí fèrè ọkọ̀ ti di etí rẹ̀ láti àárọ̀, tó wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, etí rẹ̀ kò tíì sinmi. Olùkọ́ tó parí ìjà ọmọ ọlọ́mọ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni Kòso tirẹ̀. Opó tó ń dá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Àárín èrò ló ti máa yó.

Oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Saundra Dalton-Smith, kọ ìwé Sacred Rest ní 2017, ó sì ka ìsinmi sí oríṣi méje. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹni tó bá di méje yẹn mú lè sọ ìsinmi gan-an di iṣẹ́. Àwọn baba wa ò ka oríṣi ìsinmi. Inú ọjọ́ ni wọ́n fi í sí. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni tiwọn: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá. Olórìṣà kì í lọ sóko lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kì í sùn. Á fọ ojúbọ, á pọn omi, á kọrin, á jó, á bá ẹbí jẹun. Ẹsẹ̀ lè máa ro ó lálẹ́, ara rẹ̀ á sì fúyẹ́. Mùsùlùmí àti Kristẹni náà ní Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi tiwọn, fóònù ni kò mọ ọ̀sẹ̀.

Ó wá ku Orí. Kò padà, torí kò nílé mìíràn ju ara ẹni tó gbé e lọ. Ibi tó wà la ti ń fi obì àti omi tútù bọ ọ́. Àárẹ̀ kan sì wà tó jẹ́ tirẹ̀: ti ẹni tó ń rin ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ torí ojú ayé. Ìsinmi oṣù kan kì í ran irú rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ̀rọ̀ sówó níwájú babaláwo, kó máa retí oògùn oorun. Bí Ògúndá Méjì bá hù, ìrìn-àjò náà gan-an ni Ifá máa bi í léèrè: ta ló rán ọ, ṣé o sì bi Orí rẹ kí o tó gbéra?