Lójú Ọ̀nà Àbọ̀



Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 8:26-39

Mẹ́róè, níbi tí àwọn Káńdákè ti jọba, wà ní Sudan òde òní. Pírámídì wọn ṣì dúró síbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Jerúsálẹ́mù lé ní 1,600 kìlómítà. Ìwẹ̀fà yìí rìn ín, torí pé ó fẹ́ sin Ọlọ́run.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin inú Deutarónómì 23:1 kò gbà kí irú rẹ̀ wọ ìjọ Olúwa. Ẹ rò ó wò ná: kéèyàn rìn jìnnà tó báyẹn, kó má lè wọlé!

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà aṣálẹ̀, nígbà tó ń padà sílé, ni Ọlọ́run ti rán Fílípì sí i. Ìwé Aísáyà ṣì wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ nípa Jésù, ó ṣe ìrìbọmi, ó ń yọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ gbàdúrà, tó dà bíi pé ọwọ́ òfo lẹ bá bọ̀, ẹ má tíì pa Bíbélì dé o. Ọ̀nà àbọ̀ ò tíì tán.

Àdúrà: Olúwa, pàdé mi lójú ọ̀nà lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.