Èbù Abẹ́ Ebè

Tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní agbègbè Èjìgbò, lápá ìparí October sí November, ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé iṣẹ́ oko ti parí. Ìgbà náà gan-an ni àgbẹ̀ mìíràn ń kọ ebè iṣu, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ fún ọkọ́. Á gé èbù, á fi eérú pa ojú ibi tó gé kó má baà jẹrà, á rì í mọ́lẹ̀. Á wá fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, á gbé ògúlùtu lé e kí atẹ́gùn ọyẹ́ má gbé e lọ. Ó di ẹ̀yìn ọyẹ́ kí ojú tó rí nǹkan níbẹ̀.

Àwọn ará ìlú tútù ń ṣe irú rẹ̀ sí koríko iwájú ilé wọn. Bí ilẹ̀ bá ti tutù débi tí irúgbìn kò fi lè hù, wọ́n á fọ́n ọn, yìnyín á sì máa la ilẹ̀, á máa pa á dé, títí ilẹ̀ yóò fi gbé irúgbìn náà mì. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni oòrùn ọ̀sẹ̀ kan tó bá jí i láìtọ́jọ́. Ẹlẹ́tàn tiwa ni àkọ́rọ̀ òjò: àgbàdo tí a sáré gbìn sí i á yọ, á sì gbẹ. Ká sòótọ́, iṣu gbọ́n ju àgbàdo lọ. Èbù gbé omi àti oúnjẹ tirẹ̀ sára, ó sì ní ìgbà tó ń sùn tí omi lásán kò lè jí i.

Ìtàn Ògìyán, ọba Èjìgbò tí kò ní oúnjẹ méjì lẹ́yìn iyán, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ifá. Pierre Verger, tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu tí wọ́n sọ ní Fátúnmbí, kọ ọ́ sílẹ̀. Babaláwo kan, Awoléjé, ọ̀rẹ́ ọba, ló sọ ẹbọ tí ọba máa rú kí Èjìgbò lè di ìlú ńlá. Ọba rúbọ, awo bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà, ó bá ààfin, ó bá ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Ògìyán lòun ń wá, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń pe ọ̀rẹ́. Wọ́n kà á sí àfojúdi, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún méje ni òjò kò fi rọ̀. Obìnrin kò bímọ, ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ.

Ìyà aláìṣẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí níbẹ̀. Èmi ń wo àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọn kò mọ Awoléjé ni. Ọjọ́ tí awo ń sọ ẹbọ, ilẹ̀ lásán ni ibi tí wọ́n dúró sí; bí èbù abẹ́ ebè ni ọ̀rọ̀ awo náà rí.

Wọ́n difá, Ifá tọ́ka sí túbú. Ọba fúnra rẹ̀ lọ bẹ Awoléjé. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará Èjìgbò máa fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún. Nínú àkọsílẹ̀ Verger, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọ̀lọ̀ àti Òkè Mápó ló ń kojú ara wọn níbi ọdún náà, kí òjò lè rọ̀ dáadáa. Awo yìí gbọ́n o: ta ni yóò gbàgbé rẹ̀ pẹ̀lú ojú pàṣán lẹ́yìn?